Ọ̀nà Tákàdá: Láti Jẹ́bà dé Ṣómólú

Ìwé, tákàdá, pépà: orúkọ mẹ́ta ni Yorùbá ní fún ohun kan náà nígbà tí kò bá tíì sí ohunkóhun lójú rẹ̀. Tákàdá gba aṣálẹ̀ wá lórí ràkúnmí. Pépà gba orí òkun wá nínú ọkọ̀. Ìwé ni orúkọ tó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ìbáà jẹ́ òfìfo, ìbáà jẹ́ èyí tí a ti kọ tàbí tí a ti tẹ̀ tí a sì dì pọ̀. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ìwé gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá hàn nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì ṣeé tọpa lójú títì. Títì náà bẹ̀rẹ̀ ní Jẹ́bà létí odò Ọya, ó gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, ó yà sí Abẹ́òkúta, ó sì parí sí Ṣómólú ní Èkó. Arìnrìnàjò tó bá gbà á láti òkè wá sísàlẹ̀ yóò pàdé iṣẹ́ náà bó ṣe tò gan-an: ṣíṣe pépà ṣáájú, íńkì tẹ̀ lé e, lẹ́tà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́yìn náà, gígé àti dídì ìwé ní ìkẹyìn.

Ní Jẹ́bà, odò ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Afárá ọkọ̀ ojú irin gba orí rẹ̀ kọjá, ilé iṣẹ́ pépà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969 sì wà nítòsí rẹ̀ ní apá Kwara. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi kọ́ ọ síbẹ̀. Pépà kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń tú sórí ẹ̀rọ kí ó tó di pépà, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, omi ni 99 nínú rẹ̀. Ìdá kan péré tó kù ni igi.

Ẹni tó bá ti rí bí a ṣe ń ṣe ògì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. A ó rẹ àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Èérí á kù sórí asẹ́, ògì á bá omi sọ̀kalẹ̀. Igi pẹ̀lú ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń pò mọ́ omi títí yóò fi rí bí ògì. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí oníkálukú ń wá. Ológì ń fẹ́ ohun tó gba ojú asẹ́ kọjá. Oníṣẹ́ pépà ń fẹ́ ohun tó kù lórí asẹ́, nítorí òun gan-an ni pépà. Pọ́ọ̀pù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ògì igi yìí, ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní ògì igi, kò sí Yorùbá tí kò ní lóye.

Sísè ló le jù níbẹ̀. Fọ́nrán tín-ín-rín ni inú igi, wọ́n fún mọ́ra bí ìgbálẹ̀ tí a dì, oje líle kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní líginì ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí líginì kò bá yọ́, fọ́nrán kò ní tú. Kọ́síìkì sódà àti èròjà kan tó ní imí ọjọ́ nínú ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, nínú ìkòkò irin ńlá tí a sé ooru mọ́. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú kò ní ya ẹnu sí èyí. Omi eérú tí wọ́n ń sẹ́ láti ara èèpo kòkó àti ìṣẹ́pẹ́ igi wá láti ìdílé kan náà pẹ̀lú sódà: agbára tó ń sọ epo di ọṣẹ náà ló ń tú igi sí fọ́nrán. Carl Dahl ló gbé irú sísè yìí kalẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1879, pépà tó ti inú rẹ̀ jáde ni a sì ń pè ní kíráàfù. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni. Agbára ni ó túmọ̀ sí. Orúkọ náà yẹ ẹ́, nítorí fọ́nrán tí a sè báyìí kì í fọ́ wẹ́wẹ́ bí èyí tí a kàn fi òkúta lọ̀. Kíráàfù ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Jẹ́bà sílẹ̀ láti ṣe: pépà aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi rán àpò sìmẹ́ńtì, tí wọ́n sì ń fi ṣe páálí. Àṣẹ́kù líginì ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pépà funfun gbọ́dọ̀ bó o pẹ̀lú kẹ́míkà.

Líginì yìí kan náà ló ń ṣe ìwé ìròyìn léṣe. Pépà ìwé ìròyìn kì í gba sísè púpọ̀. Lílọ̀ ni wọ́n sábà ń lọ igi rẹ̀, kí owó rẹ̀ má bàa pọ̀, nítorí náà líginì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ pátápátá. Bí oòrùn bá kàn án fún ọjọ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bó bá di ọdún mélòó kan, á máa fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ohun tó fà á nìyẹn tí ìwé ìròyìn ogún ọdún sẹ́yìn fi burú ju ìwé àdúrà tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún kan náà lọ, nínú àpótí ìyá àgbà kan náà.

Lẹ́yìn sísè ni ẹ̀rọ pépà fúnra rẹ̀. Wọ́n á tú ògì igi sórí asẹ́ onírin gbọọrọ tí kì í dúró lójú kan. Bí asẹ́ náà ti ń sáré lọ ni omi ń jò kúrò, tí àwọn fọ́nrán sì ń dì mọ́ra. Ará Faransé kan, Louis-Nicolas Robert, ló ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1799. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ri asẹ́ bọ inú agbada, ewé kan lẹ́ẹ̀kan. Sísáré tí asẹ́ ń sáré yìí ní àbùkù kan tí gbogbo atẹ̀wé mọ̀. Púpọ̀ nínú fọ́nrán á kọjú sí ibi tí asẹ́ ń lọ, bí igi tí odò ń gbé lọ ṣe máa ń to ara rẹ̀. Gíréènì ni àwọn ará Ṣómólú ń pè é. Ẹnikẹ́ni lè dán an wò: bí a bá ya ìwé ìròyìn lóòró, yóò ya gbọọrọ, bí a bá yà á níbùú, yóò ya játijàti. Ìwé tí a dì lòdì sí gíréènì kì í ṣí dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ a sì máa wó.

Láti orí asẹ́, pépà á gba àárín àwọn ìyílù tó ń fún omi rẹ̀, á gba ara àwọn ìlù irin gbígbóná tó ń gbẹ ẹ́, á sì gba kàlẹ́ńdà, ìyẹn àwọn ìyílù dídán tó ń lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ aṣọ. Wọ́n tún ń fún un ní sítáàṣì gẹ́gẹ́ bí aṣọ, kí íńkì má bàa ràn lójú rẹ̀. Pépà tí kò ní sítáàṣì tó ni ọmọ ilé ìwé ń kọ nǹkan sí tí ọ̀rọ̀ ń yọ sí òdìkejì.

Jẹ́bà kọ́ ni kan ṣoṣo tí ìjọba dá sílẹ̀. Òmíràn wà ní Oku Iboku ní Akwa Ibom fún pépà ìwé ìròyìn, òmíràn sì wà ní Ìwòpin, létí ọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fún pépà funfun tí a ń kọ̀wé sí. Nítorí Ìwòpin ni wọ́n fi gbin igi mèlínà lọ rẹrẹẹrẹ nínú igbó ọba tí wọ́n ń pè ní J4. Mèlínà ń tètè dàgbà, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ kúrú, ó tó nǹkan bíi mílímítà kan. Pépà tó bá máa lágbára tó fún àpò sìmẹ́ńtì nílò fọ́nrán gígùn ti igi páìnì ilẹ̀ olótùútù, òkè òkun sì ni wọ́n ti ń rà á. Owó fọ́nrán yìí, owó kẹ́míkà àti owó iná wà lára ohun tó dá àwọn ilé iṣẹ́ náà dúró. Ìjọba ta wọ́n fún aládàáni, síbẹ̀ iṣẹ́ kò padà sí bí wọ́n ti pète rẹ̀. Ó dun ni láti rí mèlínà tó ti gbó tí àwọn alápákó ń gé é lọ, nígbà tí pépà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ìtòsí rẹ̀ fi ń kọ́ ìwé ń ti èbúté Àpápá wọlé.

Ní Ìlọrin, ọ̀rọ̀ yí padà kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn ààfáà ti ń fi pépà ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ilé kéwú ni a ti ń gbọ́ tákàdá, tàdáwà, kálámù, ìyẹn gègé, àti wàláà. Ọ̀dọ̀ Hausa ni méjì àkọ́kọ́ gbà wọlé, takarda àti tadawa ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè tọpa wọn kọjá Hausa dé ọ̀dọ̀ àwọn Berber, àwọn ará aṣálẹ̀ Sàhárà, tí wọ́n ń fi “ta” bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ. Ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ìwé ti di takarda, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá fún ìgò íńkì ti di tadawa. Nítorí náà, ọmọ Ìlọrin tó ń bèèrè tákàdá ń pe ọ̀rọ̀ tí Gíríìkì, Berber, Hausa àti Yorùbá ti fi ẹnu kàn.

Pépà tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un kì í ṣe ti ilẹ̀ Hausa. Àríwá Ítálì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá ní ọ̀rúndún kejìdínlógún àti kọkàndínlógún: ọkọ̀ ojú omi á gbé e dé Tripoli, ràkúnmí á gbé e la Sàhárà kọjá dé Kánò, àwọn oníṣòwò á sì pín in káàkiri. Àmì oṣù mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra láti ńlá dé kékeré ló wà nínú èyí tó gbajúmọ̀ jù. Àmì náà kì í hàn àfi bí a bá gbé ewé náà sí ìmọ́lẹ̀, nítorí wáyà tí wọ́n tẹ̀ sójú asẹ́ ló mú kí pépà fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Wọ́tàmáàkì ni. Ohun kan náà ni ọlọ́jà ń wá nígbà tó bá gbé owó náírà sókè sí oòrùn kí ó tó gbà á.

Tàdáwà rọrùn láti ṣe: èédú tàbí èéfín tó dì sí ìdí ìkòkò, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi oje igi pò. Èédú ni àwọ̀, oje ni ohun tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà. Íńkì tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò lónìí kò jìnnà sí èyí: èéfín náà ló ń sọ ọ́ di dúdú, òróró ló kàn rọ́pò oje àti omi. Wàláà ni pátákó tí ọmọ kéwú ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, tó sì ń fọ̀ nù kí ó lè tún un kọ. Ìwé àwọn ààfáà àgbà kì í sábà ní okùn lẹ́yìn. Ewé kọ̀ọ̀kan dá wà nínú àpò awọ, nítorí náà ni akọ̀wé fi ń kọ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tó kàn sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó ń parí, kí ewé má bàa dàrú mọ́ olùkà lọ́wọ́. Ọgbọ́n tó wúlò ni, ó sì sàn ju nọ́ńbà lọ fún ẹni tó ń fi orí kà á.

Rímù náà, tí gbogbo ayé mọ̀ ní ọjà, ìran Lárúbáwá ni. Rizma túmọ̀ sí ìdì. Àwọn ará Sípéènì gbà á, Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì bá ọkọ̀ òkun dé Èkó. Ibi tí tákàdá ti gba aṣálẹ̀ wá tààrà, rímù yí gbogbo Yúróòpù ká kí ó tó dé. Ewé 500 ló wà nínú rẹ̀. Òǹkà gíráàmù tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 70 tàbí 80, jẹ́ ìwọ̀n pépà náà bí ó bá fẹ̀ tó mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Ewé A4 mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Èyí ni pé A4 kan tó jẹ́ 80 wúwo tó gíráàmù 5, rímù kan rẹ̀ sì wúwo tó kìlógíráàmù 2.5. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n nílé lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sára rímù ni wọ́n tà fún òun.

Láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́yìn rẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn oníṣọ̀nà awọ ṣì ń gbẹ́ ọnà sára àpò àti ìrọ̀rí. Ìbàdàn ló kàn.

Ìbàdàn ni ìlú àwọn olùtẹ̀jáde. Ìwé ìròyìn Nigerian Tribune bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1949, ọdún kan náà tí Oxford University Press ṣí ọ́fíìsì síbẹ̀. Oníbọnòjé jẹ́ orúkọ tí ọmọ ilé ìwé mọ̀ lára ìwé kíkà rẹ̀. Ìlú yìí ló mú kí ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ṣe kedere: òǹtẹ̀wé ni ẹni tó ní ẹ̀rọ, olùtẹ̀jáde ni ẹni tó ní ìwé, tó ń san owó, tó sì ń wá oníbàárà. Òǹkọ̀wé tó bá gbé ìwé rẹ̀ fún òǹtẹ̀wé, tó sì rò pé òun ti rí olùtẹ̀jáde, yóò gba ẹ̀dà 1,000 sínú yàrá rẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa bá a tà á. Àṣìṣe yìí ti ba ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá lọ́kàn jẹ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ì bá gbà wọ́n.

Ní Mọ́kọ́lá àti àdúgbò mìíràn ní Ìbàdàn, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ ṣì rántí lẹ́tà olójé. Òjé, tí a pò mọ́ irin méjì mìíràn kí ó lè le, ni wọ́n ń yọ́ sínú mọ́ọ̀dù, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Irú òjé yìí ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Òdìkejì ni ojú lẹ́tà náà máa ń wà, bí ìgbà tí èèyàn wo dígí, kí ó lè tọ̀nà bí ó bá tẹ̀ mọ́ pépà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpósítọ̀ ni láti to lẹ́tà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú àpótí tí wọ́n pín sí ihò ihò: lẹ́tà ńlá lókè, lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀. Oríkodò ni ó ń kà á, láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó sì gbọ́dọ̀ mọ b yàtọ̀ sí d, n yàtọ̀ sí u, láìgbé e sí dígí. Bí títò bá parí, wọ́n á tẹ ewé kan láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Púrúùfù nìyẹn, ẹni tó ń kà á ló ń gba òǹkọ̀wé lọ́wọ́ ìtìjú.

Wàhálà Yorùbá bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí yẹn. Èyí tó ti ìlú òyìnbó wá kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Wọ́n ní láti dìídì rọ wọ́n. Ní 1875, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ṣe ìpàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń túmọ̀ Bíbélì bọ̀. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1974, àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí sọ aiye di ayé, ó sì sọ enia di ènìyàn. Fún òǹtẹ̀wé, iye lẹ́tà tó wà nínú àpótí ló máa ń pinnu bí Yorùbá ṣe rí lójú ìwé. Bí ẹ bá tán, e ni wọ́n máa fi sí i. Ní ìgbà taipuráítà, bíírò ni akọ̀wé fi ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tó bá tẹ̀ ẹ́ tán. Kọ̀ǹpútà kò tíì parí rẹ̀: ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní, lẹ́tà kan ni pẹ̀lú àmì kan tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé lé e lórí. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni àmì. Ẹ̀dà ni ìwé tí a tẹ̀, ẹ̀dá ni ẹni tí Ọlọ́run dá. Ojú ìwé tó sọ méjèèjì di “eda” ti yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò lójú olùkà. Òǹtẹ̀wé tó bá gba owó iṣẹ́ Yorùbá tó sì fi í sílẹ̀ láìní àmì kò tíì parí iṣẹ́ tó gbowó rẹ̀.

Títì Abẹ́òkúta mú arìnrìnàjò dé ibi tí ìtẹ̀wé Yorùbá ti fìdí múlẹ̀ ní ilé. Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1854. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Nígbà tó di 1860, apá Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀. Rògbòdìyàn tí Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé ló pa á ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Aké ṣì dúró, ṣùgbọ́n ohun tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe kan, tẹ̀.

Yorùbá ti ń tẹ nǹkan kí Townsend tó dé. Babaláwo ń tẹ ìyẹ̀rósùn lójú ọpọ́n, ìka rẹ̀ ń fi àmì Odù sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà sì lè kà á. Títẹ̀ láti fi àmì sílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá ọ̀rọ̀ òyìnbó fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìtẹ̀wé, àtẹ̀jáde, àtúntẹ̀ àti òǹtẹ̀ tí ọba ń lù mọ́ ìwé, ìdí kan náà ni gbogbo wọn ti hù. Nígbà tí fóònù dé, àtẹ̀jíṣẹ́ tún jáde lára rẹ̀. Àwọn orúkọ ohun èlò ni a yá: píléètì, rímù, fọ́ǹtì. Orúkọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ilé ni.

Ọjà Ìtòkú kò jìnnà sí Aké, níbẹ̀ ni ìmọ̀ mìíràn wà tí àwọn tó ń kọ́ ìtẹ̀wé ì bá máa lọ wò. Aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi láfún ṣe ẹ̀kọ, á tẹ́ bátànì síńkì tí wọ́n ti gé ọnà sí lára sórí aṣọ funfun, á sì fi ẹ̀kọ náà ra ojú ọnà. Bí ó bá gbẹ, á ri aṣọ bọ aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró. Ibi tí kò sí á mu ún yó. Ó ń tẹ ọnà sára aṣọ, ohun tí kò fẹ́ aró ló sì fi ń darí aró.

Ọgbọ́n kan náà ló ń darí ẹ̀rọ Ṣómólú. Ní 1796, Alois Senefelder ní ilẹ̀ Jámánì rí i pé bí a bá fi ọ̀rá ya nǹkan sórí òkúta, tí a sì da omi sí i, omi kò ní dúró lórí ọ̀rá; íńkì olóróró, ní tirẹ̀, kò ní dúró lórí omi. Òkúta ti di píléètì alumíníọ̀mù báyìí, ṣùgbọ́n ìjà omi àti òróró kò yí padà. Ojú píléètì tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní òkè kò ní kòtò bí lẹ́tà olójé. Bí íńkì bá dé orí rẹ̀, kì í lọ tààrà sórí pépà. Á kọ́kọ́ kọjá sára rọ́bà tí wọ́n ń pè ní búláńkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, nítorí rọ́bà máa ń rọ̀ mọ́ pépà tí ojú rẹ̀ kò dán. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ojú píléètì fi ṣeé kà tààrà láìsí òdìkejì: ó yí lẹ́ẹ̀kan sórí rọ́bà, ó sì yí padà lẹ́ẹ̀kejì sórí pépà.

Ṣómólú kò rí bí ilé iṣẹ́. Ní ojú òpópónà Bájùláyè àti Ṣípéólú àti àwọn àdúgbò inú wọn, ìsọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀, kò sì sí ẹnì kan tó ní gbogbo ẹ̀rọ. Ẹnì kan ń ya iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú CorelDRAW, ẹlòmíràn ń ṣe píléètì, ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ń gé, ẹlòmíràn ń dì. Iṣẹ́ kan lè wọ ìsọ̀ márùn-ún kí ó tó parí, orí ni ọmọ iṣẹ́ sì fi ń gbé e láti ọ̀kan dé èkejì. Ìwé ètò ìsìnkú, álímánáákì, rìsíìtì, jọ́tà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti àwòrán olóṣèlú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń díye lé iṣẹ́: Kord, GTO, SORM, gbogbo wọn láti ilé iṣẹ́ Heidelberg, púpọ̀ nínú wọn ló sì ti lo ọdún pípẹ́ ní Yúróòpù kí ó tó wọ ọkọ̀ wá sí Èkó.

Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán: sáyàn, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Séparésọ̀n ni iṣẹ́ tó ń ya àwòrán kan sí mẹ́rin, píléètì kan fún àwọ̀ kan. Ẹni tó bá fi gíláàsì wo álímánáákì yóò rí i pé ẹ̀kán tóótòòtó ni gbogbo rẹ̀, ojú èèyàn ló ń pò wọ́n pọ̀. Àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn géérégé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, ètè ìyàwó inú àwòrán á di méjì, àwọn òṣìṣẹ́ á sì ní “kò réjísítà.” Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ka wéésìtì mọ́ iye pépà tí oníbàárà ń rà: ewé àkọ́kọ́ tó máa bàjẹ́ kí gbogbo àwọ̀ tó jókòó. Oníbàárà tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí máa ń rò pé wọ́n jí pépà òun.

Pépà kò tíì di ìwé nígbà tó bá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ewé ńlá kan tí a tẹ̀ lójú méjèèjì, bí a bá ká a lẹ́ẹ̀mẹta, á di ewé mẹ́jọ, ojú ìwé 16. Bí wọ́n ṣe to ojú ìwé sórí píléètì kì í ṣe tẹ̀lé-n-tẹ̀lé rárá: 1 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 16, 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 9, kí ó lè tọ̀nà lẹ́yìn kíká. Kíkójọ ló kàn. Wọ́n á to àwọn ìdì kalẹ̀ yí tábìlì gígùn ká, àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ á sì máa yípo, wọ́n á máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìrìn. Ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi wáyà gún láàárín. Èyí tó nípọn ni wọ́n ń fi góòmù gbígbóná lẹ̀ lẹ́yìn, pàfẹ́ẹ̀tì báíńdì lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn. Ìwé tí ọmọ ilé ìwé máa lò fún ọdún púpọ̀ kò yẹ kó jẹ́ góòmù nìkan, nítorí oòrùn ilẹ̀ yìí ń gbẹ góòmù, ewé á sì máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ló yẹ kí wọ́n fi rán an kí góòmù tó bò ó, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù.

Gígé ni wọ́n ń fi parí rẹ̀. Abẹ ẹ̀rọ ìgé á bọ́ sórí ìdì ìwé, á sì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ojú ewé tí kíká ti dì mọ́ra tó ṣí. Rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì tún ń lọ sórí ẹ̀rọ Heidelberg àtijọ́ tí apá rẹ̀ méjì ń yí bí abẹ̀bẹ̀, èyí tó ti ìgbà lẹ́tà olójé kù, láti gba nọ́ńbà àti ihò wẹ́wẹ́ tí a fi ń ya á. Ìrẹ́kù pépà ń wọ inú àpò lábẹ́ ẹ̀rọ ìgé láti òwúrọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń rà á á wọ̀n ọ́n ní kílò, wọ́n á sì kó o lọ fún àwọn tó ń fi omi rẹ ẹ́, tí wọ́n ń pò ó di ògì, tí wọ́n ń fi ṣe tíṣù àti àwo ẹyin.